A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Àtúnṣe sí Èrò Kan Nípa Àwọn Tó Ń Ṣe Ẹ̀rọ

Èrò kan ti ta gbòǹgbò láàárín wa ní Ìyìn-Èkìtì àti ní Adó tó múlé gbè wá, ọ̀nà méjì ló sì ń gbà jáde. Àwọn òbí a máa sọ pé àwọn òyìnbó tó ṣe fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì kì í jẹ́ kí ọmọ tiwọn fọwọ́ kàn án. Wọ́n mọ̀ pé májèlé ni, àwa ni wọ́n ń tà á fún. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń wọ mọ́tò láti Ìyìn lọ sí Adó láràárọ̀, ní tiwọn gbà pé ẹni tí kò bá ní fóònù tó gbòde, tí kò sì sí lórí gbogbo ìkànnì tó gbajúmọ̀, kò lè ṣe áàpù kankan tí aráyé máa lò. Mo ti rí olùkọ́ tó fi fóònù alátẹ̀ ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo kíláàsì, tó ní irú ẹni báyìí kò tíì ṣetán láti kọ́ṣẹ́.

Ó dà bí ẹni pé èrò méjèèjì ń bá ara wọn jà, ṣùgbọ́n orí ìpìlẹ̀ kan náà ni wọ́n dúró sí. Wọ́n gbà pé ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ni ẹ̀rí tó tóbi jù lọ nípa ẹ̀rọ náà. Bí kò bá lò ó, àwọn òbí ní ẹ̀rọ náà kò dára. Bí kò bá lò ó, àwọn ọ̀dọ́ ní òun fúnra rẹ̀ kò dáńtọ́. Ìpìlẹ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ tún ṣe, nítorí ó ń mú kí àwọn òbí máa bẹ̀rù ohun tí kò yẹ kí wọ́n bẹ̀rù, ó sì ń ná àwọn ọ̀dọ́ wa lówó àti lákòókò tí wọn kò ní.

Ìtàn tí àwọn òbí ń tọ́ka sí ní orísun. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, Nick Bilton, akọ̀ròyìn New York Times, kọ̀wé nípa ọ̀rọ̀ tí òun àti Steve Jobs, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Apple, jọ sọ lápá ìparí ọdún 2010, ọdún tí iPad jáde. Ó bi Jobs bóyá àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn iPad. Jobs dáhùn pé wọn kò tíì lò ó, pé àwọn máa ń fi ìwọ̀n sí bí àwọn ọmọ ṣe ń lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Ohun tó sọ nìyẹn. Kò pè é ní májèlé, kò sì sọ pé òun fúnra òun kì í lò ó. Jobs yìí ló jókòó sórí àga tìmùtìmù lórí pèpéle ní oṣù Kìíní ọdún yẹn, tó ń fi ìka yí ojú iPad níwájú gbogbo ayé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa gba ẹnu dé ẹnu dé Èkìtì, fífi ìwọ̀n sí i ti di kíkà á léèwọ̀, bàbá tó ń tọ́ ọmọ sì ti di ẹni tó ń ta májèlé.

Ẹnìkan wà tí àpẹẹrẹ rẹ̀ lágbára ju ti Jobs lọ, tí a kì í sì í gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ń sọ̀rọ̀ yìí. Donald Knuth ni, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Stanford University, ọ̀kan nínú àwọn tó fi ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lélẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ gidi. Òun ló ṣe TeX, ètò tí àwọn onímọ̀ ìṣirò àti onísáyẹ́ǹsì kárí ayé fi ń to ọ̀rọ̀ ìwé wọn. Ọdún 1977 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí pé nígbà tí wọ́n fẹ́ tún ìwé rẹ̀ kan tẹ̀, bí ojú ìwé náà ṣe rí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn rárá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1990, Knuth pa email tì. Ó ní òun ti ń lò ó láti nǹkan bí ọdún 1975, pé ọdún 15 ti tó ẹnìkan láyé. Ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, kó kọ lẹ́tà sórí bébà. Iṣẹ́ tí òun ń ṣe, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣàlàyé, ń béèrè pé kí ọkàn òun dúró sójú kan fún wákàtí púpọ̀, email kì í sì í jẹ́ kí ọkàn dúró.

Bí ìwọ̀n tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń lò bá tọ̀nà, Knuth kò mọṣẹ́. Bí ìwọ̀n tí àwọn òbí ń lò bá tọ̀nà, email jẹ́ ohun burúkú. Kò sí ẹni tó máa gba ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Knuth ti dùn jù ni pé ní ọdún 1989, ọdún kan ṣoṣo kó tó fi email sílẹ̀, ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nípa gbogbo àṣìṣe tó rí nínú TeX láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú rẹ̀, ó ní ẹni tó bá gbèrò ètò tuntun gbọ́dọ̀ bá wọn kọ ọ́ títí dé ìparí, òun náà ló sì yẹ kó kọ́kọ́ lò ó, kó sì kọ ìwé ìtọ́sọ́nà àkọ́kọ́ fún un. Ká ní Knuth kò ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ àtúnṣe tó bá TeX ni ì bá má wáyé.

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ méjèèjì kò ta kora. TeX jẹ́ ohun tí òun ń ṣe, irú ìwé tí òun ń kọ ló sì ṣe é fún. Email jẹ́ ohun tó gbòde, tí ẹlòmíràn ṣe. Lílo ohun tí ọwọ́ ẹni ń ṣe jẹ́ ara iṣẹ́. Lílo ohun tí gbogbo ayé ń lò jẹ́ ọ̀rọ̀ bí ẹnìkan ṣe fẹ́ gbé ayé tirẹ̀. Àwọn tó ń jiyàn ní Adó àti Ìyìn ti da méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn, wọ́n ti ki gbogbo rẹ̀ sínú ìbéèrè kan ṣoṣo: fóònù wo ló ń lò?

Mo gbà pé ó dára kí oníṣẹ́ máa lo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ní Microsoft lọ́dún 1988, Paul Maritz kọ̀wé sí ọ̀kan nínú àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà túbọ̀ máa lo ohun tí àwọn fúnra wọn ń ṣe. Ó di àṣà níbẹ̀, débi pé àwọn tó ń kọ Windows NT ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ wọn lórí rẹ̀ nígbà tí kò tíì pé. Bó bá daṣẹ́ sílẹ̀ lówùúrọ̀, àwọn ló kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀, wọ́n sì ń tún un ṣe kó tó dalẹ́. Àṣà náà sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń ṣe Windows NT fún? Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì òṣìṣẹ́ wọn, tí iná wọn kì í lọ. Èèyàn bíi tiwọn ni.

Bí oníṣẹ́ kò bá jọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún, àṣìṣe á fara pamọ́ fún un. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èdè tiwa. Lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, àkọsílẹ̀ tí gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà ayé ń lò láti mọ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ẹ́, pẹ̀lú àmì òkè lórí rẹ̀, kò ní nọ́ńbà tirẹ̀. Lẹ́tà kan àti àmì kan tí wọ́n tò léra ni, fóònù ló sì gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe máa gbé ọ̀kan gun èkejì. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ bí ẹ̀kọ́ sórí fóònù tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà fún èdè wa, ẹ ó rí i tí àmì ẹ̀ ń rìn lọ bá lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, tàbí tó di àpótí kékeré òfìfo. Ẹ fẹ́ pa á rẹ́. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ìparẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àmì nìkan ló lọ, lẹ́tà ṣì dúró. Ẹni tí kò kọ Yorùbá rí kò lè mọ̀ pé ohun báyìí ń ṣẹlẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ló wá nǹkan ṣe sí i: Túndé Adégbọlá àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Alt-i n'Íbàdàn, ilé-iṣẹ́ tó gbájú mọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ fún àwọn èdè ilẹ̀ Áfíríkà, Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn tí wọ́n jọ dá YorubaName sílẹ̀, tí wọ́n ṣe pátákó ìtẹ̀wé fún Yorùbá àti Ígbò, tí wọ́n sì fi í tọrẹ fún ẹni tó bá fẹ́. Ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni pé wọ́n ń kọ Yorùbá lójoojúmọ́. Irú fóònù tí wọ́n ní kò kan ọ̀rọ̀ náà.

Àní níbẹ̀ náà, lílò tiwọn ní ibi tó máa ń dé tí kò ní kọjá. Ká sọ pé àwọn ọmọ Ìbàdàn àti Èkó kọ́ kọ̀ǹpútà láti gbọ́ Yorùbá, tí wọ́n fi ohùn ara wọn dán an wò, tó sì gbọ́ wọn ketekete. Bí wọ́n bá gbé e wá sí Ìyìn, ìyá àgbà máa sọ "ulé" níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ ní "ilé", ó máa pe iṣu ní "uṣu", ẹ̀rọ náà á sì dákẹ́ tàbí kó kọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Àwọn tó ṣe é ò purọ́ nígbà tí wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́. Lẹ́nu tiwọn ni ó ti ń ṣiṣẹ́.

Níbí ni mo ti fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa fara balẹ̀, nítorí ìtàn Facebook ló fi hàn kedere jù. Kò sí ẹni tó máa sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ Facebook kì í lo Facebook. Wọ́n ń lò ó tọ̀sántòru. Orí iPhone ni púpọ̀ wọn ti ń lò ó, ní Kalifóníà, níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń sáré. Lọ́dún 2012, ilé-iṣẹ́ náà lẹ ìwé mọ́ ògiri ọ́fíìsì láti rọ àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n lọ máa lo Android, nítorí Android ló ń tàn kálẹ̀ láàárín àwọn tó ń lo Facebook. Lọ́dún 2013, wọ́n rán àwọn kan nínú àwọn ẹnjinnía àti alákòóso wọn wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn wọ̀nyí ra oríṣiríṣi fóònù Android níbí, wọ́n sì gbé áàpù tí wọ́n ṣe jáde sórí rẹ̀. Áàpù náà lọ́ra, ó ń kú léraléra, ààyè inú fóònù kò tó o, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ ó ń bọ̀. Dátà tí wọ́n rà fún odindi oṣù kan tán láàárín ìṣẹ́jú 40. Àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́ ní gbangba lọ́dún 2014.

Kò sí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ dátà yìí ní Ìyìn. Ọmọ ilé-ìwé tó bá ra dátà kékeré ní kíósìkì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn tó lo Facebook jù lọ láyé kò mọ̀ ọ́n, àfi ìgbà tí wọ́n fi owó ra fóònù níbí. Lẹ́yìn náà ni Facebook Lite jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, áàpù tí kò tó megabyte kan nígbà yẹn, tí wọ́n ṣe fún fóònù tí kò lágbára àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó falẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn òṣìṣẹ́ láàyè láti fi wákàtí kan lo Facebook ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun bí ẹni tó wà lórí 2G, kí wọ́n lè rí ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń rí. Ọ̀gá kan níbẹ̀, Chris Cox, sì ní kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ pààrọ̀ iPhone wọn sí Android.

Ìyẹn ni pé lílo tí wọ́n ń lo ohun tiwọn ló bo àṣìṣe náà mọ́ wọn lójú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí wọ́n ti ń gbádùn rẹ̀ tó lójoojúmọ́ ni ọkàn wọn ń balẹ̀ tó pé ó dára. Yorùbá ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Kò sí ẹni tó ń béèrè bóyá onígbàjámọ̀ ti fá orí tirẹ̀ kó tó jókòó síwájú rẹ̀. Orí ẹni tó jókòó ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Onígbàjámọ̀ tó bá ń fi digi wo orí ara rẹ̀ kó tó fi abẹ kan orí oníbàárà, ẹ̀jẹ̀ ló máa yọ.

Àpẹẹrẹ tó le jù lórí èyí wá láti ọwọ́ Joy Buolamwini, ọmọbìnrin tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Gáná. Nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà, ètò kọ̀ǹpútà tó yẹ kó dá ojú èèyàn mọ̀ kò rí ojú tirẹ̀ àfi ìgbà tó dé ìbòjú funfun. Lọ́dún 2018, òun àti Timnit Gebru tẹ ìwádìí jáde lórí irú ètò bẹ́ẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń tà, tó ń fi ojú mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Bó bá kan ọkùnrin aláwọ̀ funfun, àṣìṣe wọn kò ju ìdá 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bó bá kan obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó gòkè dé ìdá 34.7. Ojú àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ti fi kọ́ ẹ̀rọ náà, irú ojú yẹn ló sì mọ̀.

Ẹ wá wo ìdàkejì rẹ̀. Transsion, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe TECNO, itel àti Infinix, wà ní Shenzhen lórílẹ̀-èdè Ṣáínà. Ọdún 2006 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èèyàn lè rìn láti ṣọ́ọ̀bù kan dé òmíràn ní Shenzhen kó má rí TECNO kan rà, nítorí ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ṣe é fún. Wọ́n rí i pé àwa níbí ń gbé síìmù ju ẹyọ kan lọ, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan lè kú nígbàkigbà, wọ́n sì fi àyè síìmù méjì sí i, nígbà mìíràn mẹ́rin. Wọ́n rí i pé iná kì í dúró, wọ́n fi bàtìrì tó ń pẹ́ sí i. Wọ́n tún kámẹ́rà ṣe kó lè ya àwọ̀ dúdú dáadáa nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kò tó. Kò di dandan kí àwọn ẹnjinnía tó ṣe gbogbo èyí ti gbé síìmù mẹ́rin rí láyé wọn. Wọ́n wá wo àwọn tó ń gbé e ni, wọ́n sì bi wọ́n léèrè. Títí di òní, ẹ wo ọwọ́ àwọn tó dúró de mọ́tò ní Ìyìn, ẹ máa rí iṣẹ́ wọn.

Ohun tó fa PiggyVest náà kò yàtọ̀. Bí ọdún 2015 ti ń parí, obìnrin kan gbé kóló onígi rẹ̀ sórí Twitter. Ó ti ń ju ₦1,000 sínú rẹ̀ lójoojúmọ́, owó náà sì ti di ₦365,000. Odunayo Eweniyi, Joshua Chibueze àti Somto Ifezue, tí wọ́n jọ jáde ní Covenant University ní Ọ̀tà, rí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ áàpù ìfowópamọ́ lọ́dún 2016. Kóló obìnrin kan tí wọn kò mọ̀ rí ni wọ́n tẹjú mọ́, kì í ṣe fóònù ọwọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká bọ̀ sílé. Obìnrin kan ń ta èlùbọ́ àti gàrí létí títì tó ti Adó wá, tó gba Ìyìn kọjá lọ sí Ìgèdè. Fóònù alátẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí. Kóòdù tó fi ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀ tó fi háàṣì parí ló fi ń bá báńkì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Oníbàárà kan ti di gàrí rẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó ní òun ti fi owó ránṣẹ́. Obìnrin yìí nu ìyẹ̀fun èlùbọ́ kúrò ní ìka, ó fi ọwọ́ kan ṣíji bo ojú fóònù nítorí oòrùn, ó tẹ kóòdù. Àwọn ọ̀rọ̀ tó jáde, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni látòkè délẹ̀, nọ́ńbà kan níwájú ìkọ̀ọ̀kan, ohun tó ń wá sì wà lójú ewé kejì. Ó fi fóònù han ọmọ rẹ̀ kó bá a kà á. Kí ọmọ náà tó ka ìlà kẹta, ojú fóònù ti ṣófo. Àkókò ti lọ. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, àwọn báńkì àti ilé-iṣẹ́ fóònù fẹnu kò pé ₦6.98 ni wọ́n á máa gbà lórí lílo kóòdù bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Fún ẹni tó ń ta gàrí ní kọ́ńgò, owó yẹn kì í ṣe ohun tí ojú lè fò.

Ẹni tó ń kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ lè máa lo áàpù báńkì nígbà mẹ́wàá lójúmọ́ lórí fóònù tó wọ́n jù ní Èkó, kò sì ní rí ọ̀kankan nínú ohun tí mo kọ sókè yìí. Kò ní rí ìyẹ̀fun, kò ní rí oòrùn, kò ní mọ̀ pé ọmọ ló ń kàwé fún ìyá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí fóònù alátẹ̀, òun ló ń tẹ irú kóòdù yẹn lójoojúmọ́. Bí a bá ní ká wá ẹni tó lè tún ètò náà ṣe, a ti lé e jáde tẹ̀gàntẹ̀gàn kó tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Mo mọ àwọn ọ̀dọ́ tó yáwó ra fóònù olówó ńlá kí wọ́n lè dà bí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, nígbà tí owó náà ì bá ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí wọ́n máa fi kọ́ iṣẹ́ ní ti gidi.

Àwọn kan wà tí wọ́n ti ṣe é dáadáa nítòsí wa. Láti ọdún 2015 ni JAMB ti sọ UTME, ìdánwò àtiwọ yunifásítì, di ti kọ̀ǹpútà pátápátá. Àwọn ọmọ tó wá láti ìgbèríko wọ gbọ̀ngàn ìdánwò tí wọn kò di máòsì mú rí. Ó le: ẹni tó mọ ìdáhùn lè má rí i mú, nítorí ọfà tó wà lójú kọ̀ǹpútà ń sá fún un. Lọ́dún 2017, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, tó di akọ̀wé àgbà JAMB ní ọdún tó ṣáájú, wọ́n mú bọ́tìnnì mẹ́jọ wọlé: A, B, C àti D láti mú ìdáhùn, N láti lọ sí ìbéèrè tó kàn, P láti padà sí èyí tó kọjá, S láti fi ìwé sílẹ̀, R fún ẹni tó bá yí ọkàn padà. Ọmọ lè ṣe ìdánwò náà dópin láìfọwọ́ kan máòsì. Ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni Oloyede ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà jù ú lọ, tí máòsì ti di ara ọwọ́ wọn, ni ì bá má rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa nílò bọ́tìnnì mẹ́jọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn òbí, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n rò pé mo ní ẹ̀rù wọn kò nídìí. Ó nídìí. Ẹ̀rí tí wọ́n gbé e kà ni kò lẹ́sẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, Chamath Palihapitiya, tó ti jẹ́ ọ̀gá ní Facebook rí, sọ ní Stanford pé òun kì í fi bẹ́ẹ̀ lò ó, pé òun kò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ òun lò ó. Ọ̀rọ̀ náà tàn ká gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Frances Haugen, tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, jókòó síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tó ti kó ìwé inú ilé-iṣẹ́ náà jáde. Ìwádìí tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe wà nínú rẹ̀, tó fi hàn pé Instagram, tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ náà, ń mú kí àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin túbọ̀ máa kórìíra bí ara wọn ṣe rí. Ẹ̀rí nìyẹn. Bí gbogbo òṣìṣẹ́ Instagram bá ń lò ó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ wọn lẹ́sẹ̀, ìwádìí yẹn kò yí padà. Bí kò bá sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ń lò ó, ìyẹn nìkan kò lè sọ fún ìyá kan ní Ìyìn ohun tó ń ṣe ọmọ rẹ̀. Kí ó wo ọmọ náà: ṣé ó ń sùn, ṣé ó ń kàwé, ta ló ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù lóru? Kí ó sì béèrè ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí, kó tó béèrè ohun tí Steve Jobs ṣe nínú ilé rẹ̀.

Ní ti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́, ibi tó rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ni ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Federal Polytechnic Adó àti ti EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì, bá wá gbèjà iṣẹ́ àṣekágbá wọn níwájú àwọn olùkọ́. Ohun tí mo máa ń gbọ́ nípa rẹ̀ ni pé wọ́n á gbé áàpù jáde lórí kọ̀ǹpútà ńlá, gbogbo ènìyàn á pàtẹ́wọ́. Kí àwọn olùkọ́ bi wọ́n léèrè: Ta lẹ ṣe é fún? Fóònù wo ló wà lọ́wọ́ ẹni náà? Níbo ló dúró sí nígbà tó lò ó, báwo sì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe rí níbẹ̀? Kí ló tẹ̀ tí ẹ kò rò pé ó máa tẹ̀? Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú àkọsílẹ̀ ohun tó rí wá, pẹ̀lú ohun tó yí padà nínú iṣẹ́ rẹ̀ nítorí rẹ̀, kí wọ́n sì yọ lára máàkì ẹni tó jẹ́ pé òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ló ti lo áàpù náà.